Ìyá Àgbà Mi àti Agolo Ìrẹsì Dúdú

Nígbà tí a ń ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ Ìyá Àgbà nílé wa ní Ọ̀jọ́, àlùfáà ní kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọọmọ sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa olóògbé. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi, torí èmi ni mo bá wọn gbé jù. Mo dìde, mo di igun ìborùn mi mú, mo ní, "Ìyá Àgbà dáa," mo sì jókòó padà. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ó dùn mí, nítorí ìyẹn kọ́ ni mo fẹ́ sọ. Èèyàn púpọ̀ ló dáa. Ìyá Àgbà le. Wọ́n le bí eegun ẹja gbígbẹ, mo sì fẹ́ràn wọn bẹ́ẹ̀.

Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ẹnu mi kì í sì í yá láàárín èrò. Ṣùgbọ́n tí mo bá dá jókòó pẹ̀lú bírò, ọ̀rọ̀ máa ń wá. Èyí tí mi ò lè sọ lọ́jọ́ náà ni mo ń kọ yìí.

Ohun àkọ́kọ́ tí àlejò máa ń mọ̀ nípa Ìyá Àgbà ni ṣíbí. Ṣíbí kékeré kan ni, ọrùn rẹ̀ ti wọ́, orí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn pálọ̀ ló ń gbé. Ṣíbí àlejò là ń pè é. Kò sí ohun jíjẹ tó wọ ilé wa tí ẹni tó gbé e wá kò ní tọ́ wò lójú Ìyá Àgbà kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó fọwọ́ kàn án. Ìyàwó àlùfáà gbé sàráà wá, ó tọ́ ọ wò. Àwọn ayálégbé gbé ìrẹsì ọdún Kérésì wá, wọ́n tọ́ ọ wò. Bàbá mi, àkọ́bí wọn, tí wọ́n ń wa tírélà láti Àpápá, á ra búrẹ́dì ní Ìyànà Ìbà, wọ́n á bù ú sẹ́nu, wọ́n á la ẹnu kí ìyá wọn rí i. Tó bá jẹ́ oṣù ààwẹ̀, Ìyá Àgbà á fi àwo bo oúnjẹ náà, wọ́n á fún àlejò ní àga, wọ́n á ní kó dúró de ìṣínu. Wọn kì í bá aláàwẹ̀ jà. Àmọ́ tí oòrùn bá ti wọ̀ báyìí, ṣíbí á sọ̀ kalẹ̀ lórí ìṣó.

"Ọwọ́ tó gbé e wá," wọ́n á ní, "ẹnu rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n."

Ọ̀rọ̀ ṣíbí yìí ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín Ìyá Àgbà àti Ìyá Ìbà. Àbúrò Bàbá Àgbà ni Ìyá Ìbà. Mi ò bá Bàbá Àgbà láyé. Ohun tí mo mọ̀ nípa wọn ni pé wọ́n ru àpò kòkó ní wáàfù Àpápá títí ẹ̀yìn wọn fi tẹ̀. Níwọ̀n bí Ìyá Ìbà ti jẹ́ àbúrò ọkọ, ọkọ ni Ìyá Àgbà ń pè wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìyá Àgbà ló dàgbà jù. Lọ́jọ́ kan Ìyá Ìbà gbé àkàrà gbígbóná wá. Ìyá Àgbà ní kí wọ́n tọ́ ọ wò.

"Ẹ wá gbọ́ o! Ìyàwó ilé wa ló ń ní kí n tọ́ oúnjẹ wò! Ṣé èmi ni n ó pa ọ́, Ṣìfáwù?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀, ọkọ mi. Ẹ jẹ ẹyọ kan péré."

"Mi ò jẹ!"

"Á jẹ́ pé àwa náà ò jẹ nìyẹn."

Ìyá Ìbà da gbogbo àkàrà náà fún adìyẹ lójúde, wọ́n bá tiwọn lọ. Ọdún mẹ́rin gbáko ni àwọn méjèèjì ò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀. Níbi ìsọmọlórúkọ, wọ́n á kẹ̀yìn síra wọn. Ní ọdún kẹrin, Ìyá Ìbà ṣàdédé gbé abọ́ àkàrà dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Wọn ò jókòó, wọn ò kí ẹnikẹ́ni. Wọ́n ju ẹyọ kan sẹ́nu, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n gbé e mì, wọ́n wá la ẹnu gbàgà síwájú Ìyá Àgbà. "Wò ó! Ó ti wọlé!" Ìyá Àgbà wo ẹnu náà dáadáa bí ẹni tó ń wo inú kànga. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bú sẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

"Àkàrà ọdún mẹ́rin," wọ́n ní. "Á mà ti tutù o."

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Ìyá Àgbà sọ ìdí ọ̀rọ̀ ṣíbí náà fún mi. À ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Wọ́n ní lẹ́yìn bàbá mi, àwọn bí ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ràfíù. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́rin, àlejò kan gbé oúnjẹ wá nígbà tí àwọn lọ pọnmi, Ràfíù sì jẹ níbẹ̀. Kò rí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ara ọmọ náà ti gbóná díẹ̀ láàárọ̀, àlejò náà sì sunkún ju ẹnikẹ́ni lọ. Ìyá Àgbà ò fẹ̀sùn kàn án rí, wọn ò sì dárúkọ rẹ̀ fún mi. Wọ́n kàn ń ṣa ẹ̀wà lọ, wọ́n ń ju òkúta wẹ́wẹ́ síta lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Mi ò mọ̀ bóyá oúnjẹ náà ni," wọ́n ní. "Ohun tí mo mọ̀ ni pé mi ò sí nílé."

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé wọn ò fẹ́ràn oúnjẹ o. Wọ́n fẹ́ràn ohun dídùn bí ọmọdé. Nígbà tí mo ṣì kéré gan-an, bàbá mi máa ń mú ìrẹsì inú agolo kan bọ̀ láti Àpápá. Láti ìlú òyìnbó ni wọ́n ti sè é mọ́ wàrà àti ṣúgà. Èèyàn kàn máa ṣí i ni, á máa fi ṣíbí bù ú jẹ. Ó funfun, ó rọ̀ bí ògì, bébà búlúù ló wà lára agolo rẹ̀. Eyín Ìyá Àgbà ti ń yọ nígbà yẹn. Tí bàbá mi bá ti tọ́ ọ wò tán, Ìyá Àgbà á gba agolo, wọ́n á jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, wọ́n á fi èyí tó kù nísàlẹ̀ sílẹ̀ fún mi.

"Òyìnbó ti bá wa jẹ ẹ́," wọ́n á ní. "Ó ku ká gbé e mì."

Nígbà tó yá, ọjà òkèèrè wọ́n, ìrẹsì náà sì dàwátì. Ìyá Àgbà ò yé dárúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rí ojúure wọn mọ ohun tó lè gbé wá.

Ẹni tó sì fẹ́ rí ojúure wọn jù ni Bùọ̀dá Kúnlé. Àǹtí Sìkírá, àbíkẹ́yìn Ìyá Àgbà, ni wọ́n fẹ́ fẹ́. Télọ̀ ni àǹtí mi ní Àjàǹgbádì. Wọ́n ń sún mọ́ ọgbọ̀n ọdún, ó sì ti sú wọn láti máa rán aṣọ ìyàwó fún àwọn ọmọ tí kò tó wọn. Bùọ̀dá Kúnlé ń tún fíríìjì ṣe ní Òkókómáíkò. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni wọ́n, ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n sì ń lọ. Ìyá Àgbà ò torí ẹ̀sìn bá wọn jà. "Jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo ojú ẹ̀ nínú ilé mi," ni gbogbo ohun tí wọ́n sọ. Wọ́n fi sí ọjọ́ Sátidé.

Onísọ́ọ̀bù kan tí Bùọ̀dá Kúnlé bá tún fíríìsà ṣe ló fún wọn ní odidi pálí ìrẹsì agolo kan. Kì í ṣe irú èyí tí a mọ̀. Tuntun ni, wọ́n pò ó mọ́ ṣokoléètì, bébà pupa ló wà lára rẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀, Bùọ̀dá Kúnlé gbé e fún Àǹtí Sìkírá pé kí wọ́n bá àwọn tọ́jú rẹ̀ di Sátidé. Àǹtí tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Orí bẹ́ẹ̀dì yẹn lèmi náà ń sùn.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà. Mo fara dà á ní Ọjọ́bọ̀, mo fara dà á ní Jímọ̀. Láàárọ̀ Sátidé, Àǹtí lọ dirun, Ìyá Àgbà wà lẹ́yìnkùlé. Mo fa agolo kan yọ, mo fi ọ̀bẹ àti ọmọ ọlọ dá a lu. Etí agolo náà gé mi níka. Mo wo inú rẹ̀: ó dúdú bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Ẹ̀rù bà mí díẹ̀. Mo ti ìka bọ̀ ọ́, mo lá a. Ó dùn, ó sì korò fírí lọ́nà ọ̀fun. Kí n tó mọ̀, mo ti dé ìsàlẹ̀. Mo ju agolo sẹ́yìn tánkì omi, mo fi àkísà di ìka.

"Kí ló ṣe ọ́ níka?" Ìyá Àgbà bi mí.

"Ọ̀bẹ ni, mà. Níbi tí mo ti ń bẹ iṣu."

"Iṣu wo?"

Ẹnì kan tó kí wọn láti ìta ni kò jẹ́ kí n dáhùn.

Bùọ̀dá Kúnlé dé lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ètè wọn gbẹ. Ìyá Àgbà béèrè ilé, wọ́n béèrè iṣẹ́, wọ́n béèrè ẹni tó bí wọn. Ọ̀rọ̀ ń lọ geerege. Nígbà tí Àǹtí Sìkírá gbé pálí jáde, èmi wà lẹ́yìn kọ́tínì, mò ń gbàdúrà kí ẹnikẹ́ni má ka agolo. Inú Ìyá Àgbà dùn bí wọ́n ti rí àwòrán ìrẹsì lára bébà. Wọ́n ní kí Àǹtí ṣí ọ̀kan. Wọ́n wo inú rẹ̀.

"Kí lèyí?"

"Ìrẹsì yẹn náà ni, Màmá. Tuntun ni wọ́n gbé jáde. Ṣokoléètì ni wọ́n fi sí i."

"Ìrẹsì wo ló ń dúdú báyìí? Ṣé ó jóná ni?"

Àǹtí Sìkírá rẹ́rìn-ín, torí ó jọ àwàdà. Ìyá Àgbà ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n nawọ́ sí ìṣó.

"Gbà. Tọ́ ọ wò."

"Màmá, ẹ̀yin ni mo gbé e wá fún."

"Mo mọ̀. Tọ́ ọ wò."

"Ẹ má bínú, mà. Mi ò ní lè jẹ ẹ́."

"Kí ló dé? Ṣé wàrà máa ń run ọ́ nínú?"

"Rárá, mà."

"Ṣé dókítà ní kí o má jẹ ṣúgà?"

"Rárá, mà."

"Kí ló wá dé?"

Bùọ̀dá Kúnlé wolẹ̀. "Màmá, mi ò lè sọ ọ́."

Àǹtí Sìkírá kúnlẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì. "Bùọ̀dá Kúnlé, ẹ jọ̀ọ́. Ṣíbí kan ṣoṣo. Nítorí tèmi." Bùọ̀dá Kúnlé mi orí. Òógùn ń bọ́ lójú wọn bí ẹni tó ru ẹrù.

"Gbé pálí ẹ, ọmọ mi," ni Ìyá Àgbà wí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Nígbà tí ohùn wọn bá rọlẹ̀ báyẹn lẹ̀rù wọn máa ń bà mí jù. "Ohun tí o ò lè gbé sẹ́nu ara ẹ, má gbé e wá sí tèmi. Ti Sìkírá náà, gbàgbé ẹ̀."

Bùọ̀dá Kúnlé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé pálí. Àǹtí mi fi gèlè bo ẹnu kí igbe má baà jáde. Mo mọ̀ pé tí pálí yẹn bá kọjá ẹnu ọ̀nà, ó parí nìyẹn. Mo sì mọ ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ò mọ̀. Ṣùgbọ́n kí n tó lè sọ ọ́, mo ní láti pe ara mi ní olè níwájú àlejò, èmi tí mi ò lè kí àlejò sókè rí. Mi ò mọ bí ẹsẹ̀ mi ṣe gbé mi kọjá kọ́tínì.

"Ìyá Àgbà, kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀. Mo ti jẹ ẹ́."

"Kí lo wí?"

"Mo ti jẹ ẹ́. Láàárọ̀."

"Mélòó?"

"Odidi kan."

Mò ń retí ìgbájú. Wọn ò gbá mi. Ojú wọn yí padà di ojú ẹni tí mi ò mọ̀ rí. Wọ́n fà mí síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, wọ́n ya ìpéǹpéjú mi, wọ́n ní kí n yọ ahọ́n. Wọ́n wá kọjú sí Bùọ̀dá Kúnlé.

"Ó ti wà níkùn ọmọ mi. Jẹ ẹ́ báyìí."

"Mo fi Ọlọ́run búra, Màmá, kò sí nǹkan níbẹ̀!"

"Jẹ ẹ́!"

Bùọ̀dá Kúnlé sún sẹ́yìn.

Ìyá Àgbà gbé agolo tí wọ́n ti ṣí náà. Wọ́n ní, "Bísímílàì," wọ́n sì ki ṣíbí bọ̀ ọ́. Àǹtí Sìkírá fò dìde. "Ẹ má jẹ ẹ́! Tẹ́ ẹ bá ń fura sí i, kí lẹ ṣe ń jẹ ẹ́?" Àǹtí di ọwọ́ wọn mú, wọ́n já a gbà. Láti ìgbà tí Ràfíù ti kú, ohunkóhun ò wọ ẹnu wọn tí ẹni tó gbé e wá ò kọ́kọ́ jẹ. Èyí, wọ́n jẹ ẹ́ tán níwájú wa, ṣíbí ń ha ìsàlẹ̀ agolo.

"Ohun tó bá wà níkùn ọmọ yìí," wọ́n ní, "kó wà ní tèmi náà."

A jókòó. Ẹnikẹ́ni ò ní kí Bùọ̀dá Kúnlé dúró, wọn ò sì lọ. Ìyá Àgbà di ọrùn ọwọ́ mi mú, wọn ò fi í sílẹ̀. Wọ́n ní kí Àǹtí bu epo pupa wá, wọ́n fún mi mu ní ṣíbí mẹ́ta. Bóyá epo ni, bóyá ẹ̀rù ni, mo bì sórí ẹní. Ohun tó jáde dúdú. Àǹtí Sìkírá kígbe. Ìyá Àgbà fà mí mọ́ àyà, mo gbọ́ bí ọkàn wọn ṣe ń lù.

"Ràfíù," wọ́n ní. "Ràfíù."

Ìgbà yẹn ni Bùọ̀dá Kúnlé wó lulẹ̀. "Màmá, ààwẹ̀ ni mo wà! Ọjọ́ méje ni, òní ló pé mẹ́fà. Wòlíì wa ní mi ò gbọ́dọ̀ fi nǹkan kan kan ẹnu títí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, mi ò sì gbọ́dọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni. Tí mo bá sọ ọ́, ó bàjẹ́ nìyẹn. Mo ti sọ ọ́ báyìí. Kò sí nǹkan kan nínú ìrẹsì yẹn."

"Kí lò ń gbààwẹ̀ lé lórí?"

"Ẹ̀yin ni, mà. Pé kí ẹ gbà mí."

Ìyá Àgbà wò wọ́n títí.

"Ààwẹ̀!" wọ́n ní. "Ṣé èmi ni mi ò mọ ààwẹ̀? Mo ti ń gbààwẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá ẹ! Ọ̀rọ̀ kan péré, ǹ bá ti fún ọ ní àga!"

Síbẹ̀ wọn ò fi ọwọ́ mi sílẹ̀. Ẹni tó gbé agolo wá lè jẹ́ èèyàn rere kí ohun tó wà nínú agolo má dáa. Èyí ni mo kà lójú wọn. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń dúró dè. Oòrùn kúrò lórí ẹní, ó gun ògiri, ó pọ́n, ó lọ. Nígbà tí wọ́n pe ìrun Mọ̀gàríbì, wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn mi. Ara mi tutù.

"Ilẹ̀ ti ṣú," wọ́n ní. "O ṣì wà níbí."

Ìgbà náà ni wọ́n tó tú mi sílẹ̀. Ìka wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin hàn lára ọwọ́ mi.

Lẹ́yìn ìrun, wọ́n ṣí agolo mìíràn, wọ́n ki ṣíbí àlejò bọ̀ ọ́, wọ́n nà án sí Bùọ̀dá Kúnlé. "Ṣínu."

"Ààwẹ̀ náà ti bàjẹ́, Màmá."

"Ta ló sọ fún ọ? Ohun tí ò ń tọrọ ńkọ́? Láti ìgbà tí o ti sọ ọ́, ṣé o gbọ́ 'rárá' lẹ́nu mi?"

Bùọ̀dá Kúnlé jẹ agolo mẹ́ta. Àǹtí Sìkírá ń sunkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń jẹ ẹ̀kẹrin. Ìyá Àgbà jókòó, wọ́n ń fi ahọ́n wá ohun tó kù létè.

"Kòkó ni wọ́n fi sí i," wọ́n ṣàdédé wí. "Bí ẹ̀wù bàbá Sìkírá ṣe máa ń rùn nìyẹn tí wọ́n bá ti wáàfù dé. Gbogbo ọdún tí wọ́n fi rù ú, wọn ò tọ́ ọ wò rí."

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n tó nà mí. Ẹgba mẹ́ta. "Ti olè, èmi náà ti jẹ níbẹ̀," wọ́n ní. "Ti irọ́ iṣu ni mo ń nà ọ́ fún."

Àǹtí Sìkírá ti bímọ méjì ní Òkókómáíkò báyìí. Ní gbogbo ọdún tó tẹ̀ lé e, ìgbàkígbà tí Bùọ̀dá Kúnlé bá gbé nǹkan wá, ṣíbí á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á sì tọ́ ọ wò láìjanpata. Kò sẹ́ni tó bọ́ níbẹ̀. Èmi gan-an, tí mo ń se oúnjẹ Ìyá Àgbà láàárọ̀ lálẹ́, mo ń kọ́kọ́ bu ṣíbí kan sẹ́nu ara mi lójú wọn, lójoojúmọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn ayé Ìyá Àgbà, ọ̀fun wọn ò gba nǹkan kan mọ́. Bùọ̀dá Kúnlé wá gbogbo ọjà Alábà kí wọ́n tó rí agolo oníbébà pupa kan. Mo ṣí i. Mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, mo bu ṣíbí àlejò kan, mo gbé e sókè sí ẹnu ara mi gẹ́gẹ́ bí ìṣe. Ọwọ́ Ìyá Àgbà jáde lábẹ́ aṣọ. Kò wúwo ju ewé lọ. Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, níbi tó ti dì í mú lọ́jọ́sí.

"Má tọ́ ọ wò," wọ́n ní. "Gbé e wá bẹ́ẹ̀."